Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń wá ohun tó wá ṣe láyé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lóru. Mi ò fi ohùn dá ọ lóhùn, torí Màámi máa ń gbé fóònù ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò sì tíì yẹ létí wọn. Ní ti lẹ́tà, wọn ò tíì lè kà á. (Bí wọ́n bá lè kà á láìpẹ́, ìwọ lo fà á, màá sì dé ibẹ̀.) Mo gbé e síta fáwọn ẹgbẹ́ ẹ pẹ̀lú, torí àwọn ọ̀dọ́ Bádágírì tó ń bi mí ní ìbéèrè tìẹ yìí ti ń pọ̀ jù: "Kí ni mo tiẹ̀ wá ṣe láyé?"

O ní o kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, o fi sílẹ̀. O ṣe POS ní gáréèjì, o pa á tì. Ọṣẹ lo wá ń pò báyìí, ọkàn ẹ ò sì sí níbẹ̀. O ní wòlíì kan ní kí o wá gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, kí Ọlọ́run lè fi iṣẹ́ tí ó rán ọ wá hàn ọ́. Ààwẹ̀ dára, èmi náà ń gbà á. Owó tí ó ní kí o mú dání yẹn ni kí o fi ra gàrí sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí ń wá ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, pé bí ẹ bá ti rí i, ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn. Mi ò rí ẹnì kan tó rí i bẹ́ẹ̀ rí.

O mọ petẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tó wà létí ọ̀sà ní Marina, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845. Gbogbo àlejò tó bá wọ ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti tú Bíbélì sí Yorùbá. Ó máa ń bí mi nínú díẹ̀, àfi bí ẹni pé ọkùnrin náà gun òkè, ó jókòó, ó kọ ọ́ tán, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìwé tó fi kó àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ ti jáde ní 1843, kó tó fẹsẹ̀ tẹ Bádágírì. Odindi Bíbélì ò parí títí di 1884, òun nìkan kọ́ ló sì ṣe é. Ṣírò ẹ̀ wò.

Àmọ́ èyí tó kàn ọ́ nínú ìtàn ẹ̀ ni ìgbà tó há sílùú wa. Oṣù kìíní 1845 ló gúnlẹ̀ síbí pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì méjì, Townsend àti Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Wọ́n dé, wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ti ní àwọn á gbà wọ́n, ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Rántí pé ọmọ Òṣoògùn ni Crowther. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú lọ́mọdé, wọ́n tiẹ̀ fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Kò mọ̀ bóyá ìyá òun ṣì wà láàyè. Ọ̀nà ilé ló wà níwájú ẹ̀ yẹn, kò sì lè gbà á. Ọdún kan àtààbọ̀ ló fi wà níbí.

Kò sọ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n rán òun, kí Bádágírì lọ jókòó. Ó ń wàásù ní Yorùbá, wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀ fáwọn ọmọdé. Àwọn tó sì ń dáhùn ò pọ̀ rárá. Àwọn baba ńlá wa ò kà wọ́n sí. Oṣù kẹjọ 1846 ló tó dé Abẹ́òkúta, ó sì rí ìyá ẹ̀ lóṣù náà gan-an. Ìpàdé yẹn ló máa ń dùn lẹ́nu àwọn oníwàásù. Wọn kì í sọ̀rọ̀ Bádágírì.

Ìparí ẹ̀ náà ò rọrùn. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Nígbà tó darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dé ìdí iṣẹ́ tó fi gbogbo agbára ṣe lẹ́bàá odò Ọya, wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀, wọ́n sì ń lé àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí 1891 parí ló kú. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ṣì ń dùn mí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé bí o bá ti rí iṣẹ́ tìẹ, ayé á máa pàtẹ́wọ́, má dá a lóhùn.

Ó ku ìwọ. Látìgbà tí oníbàárà kan ti fi aláàtì ayédèrú gba àgbọn lọ́wọ́ Màámi lọ́jà Agbálátà, o jókòó tì wọ́n, o kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka òdo kí ẹgbẹ̀rún márùn-ún má baà di àádọ́ta lójú wọn, pé kí wọ́n má wo ìránṣẹ́ tó wọlé, iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí wọ́n wò. Ìyá ẹlẹ́ja ẹ̀gbẹ́ wọn gbé fóònù tiẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, àwọn aláta. Ọ̀kan ti ń bi ọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òun. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n èyí, tí ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún, o ò tíì pa á jẹ rí.

Mo mọ̀ pé wàá ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Máa pò ọṣẹ ẹ kí o rí nǹkan jẹ. Bàbá tó ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa látìgbà tí a wà ní kékeré, kápẹ́ńtà ni wọ́n.

Mi ò lè búra pé kíkọ́ àwọn ìyá ọjà ni wọ́n rán ọ. Ó máa sú ọ nígbà míì: àwọn ìyá yẹn á gbàgbé ohun tí o kọ́ wọn láná, òjò á lé yín, ẹnì kan á ní o fẹ́ mọ iye owó òun.

Pátákó àtijọ́ kan wà nílé-ìwé wa tí wọn ò lò mọ́. Ọ̀gá wa ní kí n máa gbé e lọ. Mo ti bá bàbá oníbúkà ẹ̀yìn ọjà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ lè jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, bí ẹ bá ti lè gbálẹ̀ kí ẹ tó lọ. Mú ọ̀kan kí o sọ fún mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí n lè wá ọlọ́kadà tó máa gbà láti gbé pátákó. Ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹ ló wà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ẹ