Ìdí èrò kì í ṣe òkúta: ọ̀rọ̀ mi lórí ṣíìtì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ márúwá

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Onímárúwá ni mí n'Ìbàdàn níbí, Mọ́kọ́lá sí Sángo ni mo máa ń ná jù, nígbà míì mo lè dé Bódìjà tàbí kí n gbé dírọ́ọ̀pù lọ ọsibítù UCH. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ìyàwó mi ló ní kí n jókòó kí n kọ ọ́, torí lẹ́tà kan tí ẹnìkan kọ sí yín lọ́jọ́sí tó ní àwa onímárúwá là ń ba ẹ̀yìn àwọn àgbàlagbà jẹ́, pé béèyàn bá wọ márúwá láàárọ̀ àbóníkí ló máa fi sùn lálẹ́. Inú kọ́kọ́ bí mi, mo ní ṣé èmi ni mo gbẹ́ kòtò sójú títì ni. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó wò, òótọ́ lẹni yẹn sọ, kò kàn sọ ọ́ tán ni.

Ẹ wo ibi tí àwa dẹ́ráífà jókòó sí ná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí onímárúwá tí kò ní tìmùtìmù kékeré, tàbí táwẹ́ẹ̀lì tó ká, tàbí irọ̀rí ọmọ ọwọ́ tó ti gbó, tó tẹ́ sábẹ́ ìdí. Irọ̀rí ọmọ mi àkọ́bí ni tèmi, ọmọ ọ̀hún sì ti wọ sẹ́kọ́ńdírì báyìí. A mọ̀ pé ṣíìtì yẹn le, ìdí nìyẹn tá a fi tẹ́ nǹkan sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọ́n ń sanwó wá ńkọ́?

Ìyá àgbàlagbà kan ló là mí lójú. Ó wọ kẹ̀kẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá lọ́dún tó kọjá, UCH ló ń lọ, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ló ń gbé lọ. Mo ń sáré bí mo ṣe máa ń ṣe, bọ́ǹpù kan wà lójú ọ̀nà tí wọn ò kùn ní ọ̀dà, àfi bí mo ṣe dé orí ẹ̀ lójijì. Mo kàn gbọ́ "Yéèè!" lẹ́yìn. Nígbà tí màmá máa bọ́lẹ̀, wọn ò bú mi o, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n kàn fi ìka kan ṣíìtì yẹn kó kó kó bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà lè gbé ìyá ẹ jókòó sórí eléyìí?" Wọ́n san owó wọn pé, wọ́n lọ. Ká ní wọ́n ṣépè fún mi ni, ì bá sàn. Mo délé lálẹ́ mo ṣí lẹ́dà ṣíìtì yẹn wò, fóòmù tó wà nínú ẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú, ibi tó ṣẹ́kù ò nípọn ju búrẹ́dì téèyàn jókòó lé lọ, pákó pílíwúùdù gan-an làwọn èèyàn ti ń jókòó lé látọjọ́ yìí tí mò ń gbowó lọ́wọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, wọn ò tiẹ̀ fi èèyàn sọ́kàn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí. Àwa mọ̀ pé láyé Buba Marwa tó ṣe gómìnà ológun l'Ékòó láàárín 1996 sí 1999 ló gba orúkọ tá a ń pè é, kí NAPEP, ètò tí ìjọba Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2001 láti fi gbógun ti òṣì, tó tún gbé tiẹ̀ jáde táwọn míì fi ń pè é ní kẹ̀kẹ́ NAPEP. Ọ̀pọ̀ èyí tá à ń gùn, India ni wọ́n ti ń kó o wá, ṣùgbọ́n bàbá ńlá ẹ̀, Ítálì ló ti wá, iléeṣẹ́ Piaggio ló ṣe é lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Ape ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn kòkòrò oyin lédè wọn, ẹrù ni wọ́n sì ṣe é fún, ẹ̀yìn ẹ̀ dà bí ọmọ píkọ́ọ̀pù. Ẹrù kì í sì í sọ pé ìbàdí ń dun òun. Ẹ tún wo táyà, ínǹṣì mẹ́jọ péré ni irin ẹ̀, kòtò tí mọ́tò á kàn gorí ẹ̀ kọjá, tiwa á já wọ inú ẹ̀ gbì ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí tèmi. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe, mo gé lára fóòmù bẹ́ẹ̀dì wa àtijọ́, ínǹṣì mẹ́fà gbáko, mo kì í sábẹ́ lẹ́dà, mo ní ó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìyìn ni ṣáá, "onímárúwá, kẹ̀kẹ́ yín mà dùn o," ọmọ iléèwé kan tiẹ̀ sùn lọ kọjá ibi tó yẹ kó ti bọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà dé. Ṣíìtì ti ga jù, ẹni tó bá ga díẹ̀, tí mo bá ti bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, orí ẹ̀ á lọ gbá irin òkè, gèlè ìyá ìyàwó kan fẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́nà lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe àwàdà dé ibi ìnáwó. Àwọn tó kúrú, ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀ mọ́, ó kàn ń fì dirodiro. Bí èrò mẹ́ta bá sì jókòó, fóòmù á rì, ẹni àárín á wọlẹ̀, àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ á máa ya lù ú. Fóòmù tó bá rọ̀ jù, ńṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ èèyàn, tí kòtò bá wá dé, kò sí nǹkankan láàárín ìdí àti pákó mọ́, a jẹ́ pé mo kàn náwó padà síbi tí mo ti kúrò ni.

Onísófà kan ládùúgbò wa ló wá gbà mí. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní fóòmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ nínípọn, ọ̀rọ̀ wíwúwo ni, pé kí n gbé fóòmù méjì tí wọ́n gé bákan náà dání, èyí tó bá wúwo jù lọ́wọ́ ni kò ní tètè tẹ́. Ohun tó ṣe rèé: ó yọ pílíwúùdù yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wẹ́dà jó férémù irin fún mi, ó gé túùbù mọ́tò àtijọ́ sí ọ̀já gbọọrọ gbọọrọ, fífẹ̀ ẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ó fà wọ́n le dáadáa, ó wá hun wọ́n lórí férémù bí ẹni hun ẹní. Ìyẹn nìkan ti ń jó lábẹ́ èèyàn kó tó fi fóòmù kankan lé e. Ó wá tẹ́ fóòmù líle ínǹṣì méjì, ó fi èyí tó rọ̀ lé e lórí, ínǹṣì kan péré, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo ní ínǹṣì kan kẹ̀? Ó ní ìyẹn ni ti ìdí, ìyókù ni ti kòtò.

Nǹkankan tún wà tí mi ò lè rò láyé. Ó gbé iwájú ṣíìtì sókè díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, bí ínǹṣì kan báyìí. Ẹ lè má kà á sí o, àmọ́ tẹ́lẹ̀ bí mo bá ti tẹ bíréèkì gbogbo èrò á yọ̀ wá síwájú, wọ́n á máa fi orúnkún ti irin ẹ̀yìn mi, wọ́n á tún máa fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà ṣubú, tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti Mọ́kọ́lá dé Sángo kí ló dé tí ìbàdí ò ní ro yín. Ní báyìí wọ́n rọra ń fẹ̀yìn tì ni. Ó tún rán fóòmù rìbìtì kan bí ọmọ odó mọ́ ìsàlẹ̀ ibi ìfẹ̀yìntì, kó lè bọ́ sí kòtò ìbàdí. Àwọn ìyá ọlọ́jà ni wọ́n fẹ́ràn ìyẹn jù, ọ̀kan bi mí bóyá mo lè bá òun ṣe irú ẹ̀ sórí àga ìsọ̀ òun.

Àmọ́ ṣíìtì nìkan ò lè ṣe é, ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ káwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ mi. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì tó ti ń da ọ́ìlì, tí mo ti ń sọ pé ọ̀la ni màá pààrọ̀ ẹ̀ láti ìgbà ọdún Iléyá, mo pààrọ̀ ẹ̀. Rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì ró, ó ti jẹ tán, ìyẹn ló fi ń gbọ̀n wá sára èrò gìrìgìrì tá a bá dúró síbi go-slow, mo pààrọ̀ ìyẹn náà. Ó wá ku táyà. Àwa la máa ń ní kí fọganáísà fún un kó le gbagidi, torí a rò pé epo á pẹ́ àti pé táyà ò ní tètè jẹ, a kì í wo géèjì, ẹsẹ̀ la fi ń gbá a ká lè mọ̀ bó ṣe rí. Táyà tó le bẹ́ẹ̀ ò ní gba nǹkankan sára, gbogbo ẹ̀ ló máa jù sókè fún ẹni tó jókòó. Iye tó wà nínú ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ wá ni mò ń ní kí wọ́n fún un báyìí. Àwọn kan nínú wa tún ti fi sípíríǹgì tó le jù sí i kó lè ru èèyàn mẹ́rin pẹ̀lú àpò gààrí, ìdí nìyẹn tí èrò kan ṣoṣo tó gba dírọ́ọ̀pù, tó sanwó jù gbogbo wọn lọ, fi máa ń ta lẹ́yìn bíi gúgúrú.

Òjò ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ò ní ilẹ̀kùn, fóòmù sì máa ń mumi bíi kànrìnkàn, ọjọ́ kejì òjò ni èrò á jókòó tí omi á rọra yọ sí i láṣọ, ẹ mọ ohun táwọn èèyàn máa ń rò. Náílọ́ọ̀nù ni onísófà fi wé fóòmù kó tó fa lẹ́dà bò ó, ó sì gbé ojú rírán lọ sí ẹ̀gbẹ́, torí ihò abẹ́rẹ́ lomi máa ń gbà wọlé. Lẹ́dà dúdú ni mo fẹ́, ó ní rárá, tí oòrùn bá pa á níbi tá a páàkì sí ẹni tó bá jókòó lé e á fò dìde, búráùn rírẹ̀ ni ká mú. Ó ṣe mí bíi pé búráùn yẹn ò wuyì, ó ṣì ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Gbogbo owó tí mo ná sórí ṣíìtì, yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀kì o, kò tó èrè iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Kí ló wá dé táwọn yòókù ò ṣe é? Torí pé ọ̀pọ̀ wa kọ́ ló ni kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá tó ni ín ń retí dìlífárì ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó o bá bá a sọ̀rọ̀ ṣíìtì á ní ṣé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó bá ń ṣiṣẹ́ kí lo tún ń wá. Dẹ́ráífà náà á ní kí lòun fẹ́ tún kẹ̀kẹ́ olówó ṣe sí, ọ̀gá lè gbà á lọ́wọ́ òun lọ́la. Láàárín àwọn méjèèjì lẹ̀yìn èrò wà. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa láràárọ̀ mọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ wa lórí, wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, mi ò rí ọ̀kan nínú wọn rí tó tẹ ọwọ́ mọ́ ṣíìtì ẹ̀yìn wò. Ká ní wọ́n lè ní ẹni tí ṣíìtì ẹ̀ bá ti di pákó kó má gbé èrò títí á fi tún un ṣe, oṣù kan péré nǹkan á yí padà, àwọn ọ̀gá fúnra wọn á sáré wá onísófà.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹni mímọ́ ni mí o. Mo ṣì ń gbé èrò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni owó èrò mẹ́ta ò ti ká ìnáwó mọ́. Ẹni yẹn, ìlàjì ìdí ló fi ń jókòó, kò sí fóòmù tó lè ràn án lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé kò dáa.

Ohun kan ló kù tí mi ò tíì rí ọgbọ́n dá sí, ìyẹn oòru ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn níbẹ̀ lẹ́ńjìnnì wà, tí ọ̀sán bá pọ́n tá a sì há sínú go-slow, ó máa ń rú wá síbi ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn èrò, pàápàá ẹni àárín. Mo ti fi káádíbọ́ọ̀dù dí i, òórùn ẹ̀ fẹ́ lé èrò sọ̀kalẹ̀. Mo ti fi páànù dí i, ó ń ró gbangan gbangan. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí tó bá mọ ohun téèyàn lè fi síbẹ̀ tí kò ní jó, tí kò ní rùn, tí kò sì ní ga sí i, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sí yín, kẹ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Màá máa wá ìwé ìròyìn yín wò ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Onímárúwá kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn