Ẹ wọn ọ̀nà ìyàsósì kẹ́ ẹ tó ri òpó iná

Sí Olóòtú,

Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ gbé iná adarí-ọkọ̀ sí oríta kan n'Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, òpó àti gílóòbù ni gbogbo wa ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ilẹ̀. Apá ọ̀tún là ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó fẹ́ yà sósì gbọ́dọ̀ dá ojú ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀ níwájú kọjá. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí wọ́n là fún un, kó fẹ̀ tó mítà 3 sí 3.5, kó sì gùn. Gígùn yẹn ni wọ́n fi ń ṣeré jù. Bí iná bá ń yípo ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ìgbà 30 ló ń yí ní wákàtí kan. Ká ní ọkọ̀ 150 ń yà sósì ní wákàtí tí ọkọ̀ pọ̀ jù, márùn-ún ló kan ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di 10, torí ọkọ̀ kì í wá ní dọ́gbadọ́gba. Ọkọ̀ kékeré kan àti àlàfo iwájú rẹ̀ ń gba bíi mítà 7.5: mítà 75 nìyẹn, láì tíì ka ibi tí títì ti ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tírélà kan á gba àyè ọkọ̀ méjì ó kéré tán, ta ni yóò sì ṣe bí ẹni pé kò sí tírélà ní Ṣágámù? Bí kò bá gùn tó, ìrù ìlà á yọ sójú ọ̀nà àwọn tó ń lọ tààrà, wọ́n á sì máa gbá a láti ẹ̀yìn.

Ẹ má fi ọkọ̀ ọjọ́ Ojúde Ọba ṣírò o. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló ń darí ọkọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ọjà ni kẹ́ ẹ kà.

Ó yẹ kí iná ọfà wà fún ìyàsósì. Níbi tí kò bá sí, ọkọ̀ méjì tó fẹ́ yà sósì tí wọ́n dojú kọra máa ń bo ara wọn lójú, wọn ò ní rí ọ̀kadà tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn èkejì. Bí àlàfo àárín títì bá fẹ̀, ẹ sún ọ̀nà náà sósì wọnú rẹ̀, kí wọ́n lè kọjú síra gẹ́lẹ́. Iná yẹ́lò, ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo apá pupa fún 1 sí 2, kí ẹni tó ti wọ oríta ráyè jáde.

Ìyàsọ́tùn kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí kọ́nà bá ti tẹ̀ gbọọrọ jù, ọkọ̀ ò ní dẹwọ́ eré fún ẹlẹ́sẹ̀.

Kí ibùdókọ̀ sì wà lẹ́yìn tá a bá kọjá oríta. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì péré bá dúró kó èrò nínú ọ̀nà ìyàsósì, wọ́n ti pa á dé nìyẹn.

Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde