Lẹ́tà sí Bíọ́dún lórí Impreza tí imú rẹ̀ kò fẹ́ wọ kọ́nà

Bíọ́dún ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìdúró de oòrùn. Ṣé ìyàwó àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí.

Ọ̀rọ̀ Subaru Impreza WRX rẹ ni mo ń fèsì sí. O ní bí o bá ti dé kọ́nà Druids ní pápá eré ọkọ̀ Brands Hatch, imú ọkọ̀ kì í fẹ́ wọlé, ńṣe ló máa ń gba ìta lọ, bí ó ti wù kí o yí sítíárìn tó. O sì ní o ti rí irin stabilizer ẹ̀yìn kan (irin tó so táyà ọ̀tún àti òsì pọ̀ kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ jù nínú kọ́nà) tó nípọn tí o fẹ́ rà. Jọ̀ọ́, fi owó yẹn sápò ná. Irin náà wúlò, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Bí o bá fi í ṣáájú, ohun tí yóò máa ṣe jù ni pé yóò gba lára agbára tí táyà ẹ̀yìn fi ń di títì mú, kí ẹ̀yìn lè bá àìlera iwájú dọ́gba. Ọkọ̀ á yí lóòótọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ sá.

Fi sọ́kàn pé wọ́n ti bí understeer, ìyẹn kí imú máa gba ìta lọ dípò kó wọ kọ́nà, mọ́ Impreza ọdún 2001 sí 2007 wọ̀nyẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yọ síwájú kọjá ìlà táyà iwájú, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ọkọ̀ ló sì wà lórí iwájú. Camber iwájú (ìwọ̀n degree tí táyà fi dagun; bí orí rẹ̀ bá dagun sínú, àmì − ni a fi ń kọ ọ́) láti ilé iṣẹ́ sún mọ́ òdo. Strut, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ táyà, ló sì gbé iwájú dúró: bí ọkọ̀ bá tẹ̀ nínú kọ́nà, táyà ìta á tẹ̀ tẹ̀lé e, á wá fi èjìká rẹ̀ dúró dípò àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Awakọ̀ tí imú ọkọ̀ rẹ̀ ń sá á kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, nǹkan á padà bọ̀ sípò. Awakọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sá lè bá ara rẹ̀ nínú koríko.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o wò ni apá ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú kọ́nà.

Bí ó bá jẹ́ ní ẹnu kọ́nà, nígbà tí bíréèkì ṣì wà lẹ́sẹ̀, kọ́kọ́ fura sí ara rẹ. Táyà ní ìwọ̀n agbára kan tó ní. Bí o bá ná gbogbo rẹ̀ sórí bíréèkì, kò ní ku èyí tí yóò fi yí. Tẹ bíréèkì ní ìwọ̀n mítà márùn-ún ṣáájú ibi tí o ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kí o sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń yí sítíárìn. Má já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìwúwo á sáré padà sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́ lásìkò tí o nílò rẹ̀ jù. Bí imú bá wọlé lẹ́yìn èyí, kò sí ohun tí o fẹ́ rà. Bí kò bá wọlé, bọ́ọ̀ṣì lówà áàmù (rọ́bà tó wà níbi tí apá ìsàlẹ̀ tó di táyà mú ti so mọ́ ọkọ̀), toe (bí imú táyà méjèèjì ṣe kọjú sínú tàbí síta) tàbí ṣọ́ọ̀kì iwájú ni kí o lọ yẹ̀ wò.

Bí ó bá jẹ́ ní ìjáde, nígbà tí o bá tẹ iná, ó lè jẹ́ pé o tètè tẹ̀ ẹ́ jù. Ṣùgbọ́n WRX onígíà ọwọ́ ní kọpulíǹgì olómi kíki láàárín tó ń pín agbára síwájú sẹ́yìn ní ọgbọọgba, ó sì máa ń jóná. Lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo, yí sítíárìn dópin, kí o máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní gíà kìíní. Bí ọkọ̀ bá ń ṣe bí ẹni tí ẹnìkan di bíréèkì rẹ̀ mú, tó ń fò kíkíkí, kọpulíǹgì ti lọ nìyẹn. Kí o tó gbà bẹ́ẹ̀, fi tépù wọn àyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò yẹ kí ìyàtọ̀ ju mílímítà 6 lọ, ìyẹn mílímítà kan péré ní gíga ojú táyà. Ẹni tó bá ra táyà tuntun méjì síwájú tó fi èyí tó ti jẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ń pa kọpulíǹgì rẹ̀ ni.

Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí o ṣe ròyìn rẹ̀, àárín kọ́nà ni tìrẹ wà: bíréèkì ti kúrò, iná kò tíì wọlé, sítíárìn á wá fúyẹ́ lọ́wọ́, táyà á máa ké. Táyà, afẹ́fẹ́ àti camber ló sábà máa ń fa irú èyí.

Bẹ̀rẹ̀ láti ara táyà iwájú òsì. Druids yí sọ́tún, kọ́nà Paddock Hill náà sì yí sọ́tún, òsì ló ń jìyà. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Táyà tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ ti le, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jin. Wo èjìká ìta: bí ó bá ti yún di róbótó, tí inú ṣì dà bí tuntun, camber ń ké gbàjarè nìyẹn.

Fún afẹ́fẹ́, iye tó wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀ tí táyà tutù. Lẹ́yìn ìyípo bíi márùn-ún tó le, wọlé kí o sì wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Psi 34 sí 37 nígbà tó gbóná dára fún táyà títì. Fi ẹfun fa ìlà sí èjìká táyà kí o tó jáde; bí ẹfun bá pa rẹ́ kọjá àmì onígun mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, táyà ń yí sórí ẹ̀gbẹ́, fi psi 2 kún un. Bí o bá lè yá ẹ̀rọ ìwọn ìgbóná tó ní abẹ́rẹ́, ó dára ju ti iná tí wọ́n ń tàn sí i, nítorí òde táyà máa ń tètè tutù. Wọn inú, àárín àti ìta. Inú gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n 5 sí 10 lórí Celsius gbóná ju ìta lọ. Bí ìta bá gbóná jù, camber kò tó. Bí àárín bá gbóná ju méjèèjì lọ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù.

Má gbé ọkọ̀ lọ fún aláìnmẹ́ǹtì kí o tó yẹ ohun tó ti jẹ wò, owó á ṣòfò. Gbé iwájú sórí sítáǹdì, di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mì í: bí ó bá ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bẹ́ríǹgì ni. Di ọ̀tún àti òsì rẹ̀ mú: ìyẹn jẹ́ ti tai-rọ́ọ̀dù. Ti irin gígùn bọ bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn lówà áàmù, kí o gbé e. Èyí ni mo fura sí jù lára ọkọ̀ tó ti pé ogún ọdún. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya, táyà á máa sún sẹ́yìn nígbà bíréèkì, toe á sì máa yí padà fúnra rẹ̀. Bí o bá pààrọ̀ rẹ̀, má fún bóọ̀tì pa nígbà tí táyà ń fì lókè. Jẹ́ kí ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ná; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà tuntun á wà ní lílọ́ títí, á sì tètè ya.

O tún ní ẹni tó ta á fún ọ ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mélòó ló fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Tó bá ju mílímítà 30 lọ, ọ̀rọ̀ dé. Lówà áàmù á dojú kọ òkè, ọkọ̀ tó kúrú á wá máa tẹ̀ ju èyí tó ga lọ, camber á sì máa sọnù. Ó tún lè máa gúnlẹ̀ sórí rọ́bà ìdúró inú ṣọ́ọ̀kì. Ní kété tó bá kan án, imú á sá lójijì. Bí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì rẹ bá hàn síta, so táì onírọ́bà kékeré mọ́ ọn, lọ sá eré kan, kí o wo ibi tí táì bá a dé.

Nígbà tí gbogbo ìyẹn bá ti yanjú ni aláìnmẹ́ǹtì tó kàn. Kí epo wà ní ìdajì táńkì, kí ìwọ fúnra rẹ jókòó sórí ìjókòó awakọ̀. Nínú bóọ̀tì méjì tó so strut mọ́ ẹsẹ̀ táyà, ti òkè ni wọ́n fi ń yí camber. Jẹ́ kí wọ́n fà á dópin, ṣùgbọ́n kí ọ̀tún bá òsì dọ́gba: bí òsì bá fún ọ ní −1.4, tí ọ̀tún dúró sí −1.1, −1.1 ni kí méjèèjì jẹ́. Bèèrè iye ti ẹ̀yìn náà. Ọ̀pọ̀ Impreza ni camber ẹ̀yìn wọn ju ti iwájú lọ, èyí nìkan tó láti fa ohun tí o ń rojọ́ rẹ̀. Fún Brands, mo fẹ́ kí iwájú dé −2 tàbí −2.5, ìyẹn á béèrè camber plate, àwo orí strut tí wọ́n fi ń yí camber sí i. Ibẹ̀ gan-an ni kí owó stabilizer yẹn lọ. Toe ló máa kẹ́yìn, torí camber máa ń gbé e kúrò níbi tó wà: òdo níwájú, wíwọlé mílímítà 1 sí 2 lẹ́yìn, lápapọ̀. Toe ìta tó pọ̀ máa ń jẹ inú táyà ju camber lọ, ohunkóhun tí àwọn èèyàn ìbáà sọ.

Ní ilẹ̀ gbalasa kan tí wọ́n bá ti gbà ọ́ láàyè, fi kónù ya òbìrí kan tí láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà 30. Bẹ̀rẹ̀ ní kìlómítà 30 ní wákàtí, máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ní 50, agbára ẹ̀gbẹ́ jẹ́ nǹkan bí 0.66 g (g ni agbára òòfà ilẹ̀), ní 60, ó ti di 0.94 g, táyà títì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin. Lẹ teépù mọ́ sítíárìn kí o lè rí bó ṣe ń yí sí i. Kọ iye tí imú ti sá, ṣe ti ọ̀tún, ṣe ti òsì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá burú ju èkejì lọ gan-an, nǹkan ti tẹ̀ tàbí aláìnmẹ́ǹtì kò pé. Ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o tó tún òbìrí náà sá.

Bí imú bá ṣì ń sá lẹ́yìn gbogbo èyí, a lè wá sọ ọ̀rọ̀ stabilizer. Wọn èyí tó wà lára ọkọ̀ báyìí. Bí ó bá jẹ́ mílímítà 20, 22 ti fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún le jù ú lọ. 24 jẹ́ ìlọ́po méjì, má dé ibẹ̀. Yẹ línkéèjì wò, kí o sì ra ìdìmú tó lágbára mọ́ ọn, torí ìdìmú ẹ̀yìn Impreza yẹn máa ń tẹ̀ tàbí kí ó ya lábẹ́ irin tó nípọn.

Fi fọ́tò táyà iwájú méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, kí èjìká ìta hàn dáadáa, pẹ̀lú ìwé aláìnmẹ́ǹtì tó gbẹ̀yìn àti gíga láti àárín táyà dé etí mọ́gáàdì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Múyìwá