Ẹ̀sùn lórí táńkì bakitéríà tí ẹ tà fún wa

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Síńkì ni a máa ń fi bo bóòtù àti nọ́ọ̀tì kí wọ́n má baà dípẹtà. Omi tí a fi ń ṣan irin kún fún síńkì àti ásíìdì, kànga àwọn aládùúgbò kò sì jìnnà sí gọ́tà wa. Nítorí tiwọn la ṣe ra táńkì yín. Ẹ ní bakitéríà inú rẹ̀ yóò yọ síńkì kúrò, a ó sì rí i kó tà.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ní 1992 ni ilé iṣẹ́ síńkì kan ní Budel, ní Nẹ́dálándì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú bakitéríà yìí fọ omi abẹ́ ilẹ̀ tó ti bàjẹ́. Súlféètì inú omi, irú iyọ̀ kan, ni àwọn bakitéríà náà ń sọ di gáàsì tí à ń pè ní hydrogen sulphide; gáàsì yìí àti síńkì á para pọ̀ di ẹrẹ̀ tí ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́mìí ni àwọn bakitéríà yìí. Wọn kò fẹ́ ọ́síjìn, ásíìdì líle sì ń pa wọ́n.

Kí wá ni òṣìṣẹ́ yín ṣe? Ó so páìpù ásíìdì wa mọ́ táńkì tààrà. Ìdérí rẹ̀ kò dé: ọwọ́ mi ń wọ àlàfo etí rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ń gba àlàfo yẹn jáde. Hydrogen sulphide yẹn ló ń rùn bẹ́ẹ̀; ó ń pani bó bá pọ̀, ẹ kò sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wa! Nígbà tó yá, òórùn náà dá. Mo ki bébà àyẹ̀wò ásíìdì bọ omi náà, ó pupa fòò. A ṣí táàpù ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ kankan kò jáde. Àwọn bakitéríà náà ti kú.

Mo pè yín, ẹ ní kí n ra bakitéríà mìíràn. Inú ásíìdì kan náà kọ́ ni a ó tún dà wọ́n sí?

Ẹ rán ẹni tó mọ iṣẹ́ wá. Kó ṣe ibi tí a ó ti kọ́kọ́ dín agbára ásíìdì kù, kó fi ìdérí tí atẹ́gùn kò lè gbà wọlé bò ó, kó sì da bakitéríà tuntun pẹ̀lú oúnjẹ wọn sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé omi tó bá jáde lọ fún àyẹ̀wò, kí a rí èsì rẹ̀ nínú ìwé. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ dá owó wa padà, kí ẹ wá gbé táńkì yín.

Inú dírọ́ọ̀mù la ń rọ omi wa sí báyìí, torí a kò ní dà á sí gọ́tà. Àwọn dírọ́ọ̀mù náà ti fẹ́ kún tán.

Èmi ni oníbàárà yín,
Alákòóso ilé iṣẹ́.