Ẹ má tẹ orúkọ ọmọ jáde láìsí àmì mọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ìwé tí ẹ fi ń to orúkọ ọmọ àti ìtumọ̀ wọn ń ṣe ọ̀pọ̀ òbí lóore, pàápàá àwọn tí kò sí àgbà nítòsí wọn tí wọ́n lè bi. A ò ní kí ẹ dá a dúró. Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí ẹ yé tẹ orúkọ láìsí àmì ohùn, kí ẹ sì máa tú orúkọ palẹ̀ kí ẹ tó kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ṣe é báyìí, ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà lẹ ń dà kọ, àṣìṣe ibẹ̀ kò sì kéré.

Ẹ wo Òjó. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí omi tó ń rọ̀ láti ojú ọ̀run. Òjò nìyẹn. Òjó ni ọmọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Ohùn orí lẹ́tà tó kẹ́yìn ló ya Òjó àti òjò, ohun tí ẹ kò sì tẹ̀ nìyẹn. Àmútọ̀runwá ni Òjó, a kì í yàn án, bí ọmọ ṣe wáyé ló ń sọ ọ́. Ẹni tó dojú bolẹ̀ jáde ni Àjàyí, ẹni tó fi ẹsẹ̀ ṣáájú ni Ìgè, ẹni tí irun rẹ̀ ta kókó láti inú ìyá rẹ̀ ni Dàda. Táíwò ló kọ́kọ́ yọjú, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tó tẹ̀ lé wọn ni Ìdòwú, èyí tó tẹ̀ lé Ìdòwú ni Àlàbá. Òbí tó bá mú Àlàbá nínú àkọsílẹ̀ yín torí pé ó dùn ún gbọ́, tí kò sì sí ìbejì nílé, yóò máa dáhùn ìbéèrè títí ọmọ náà yóò fi dàgbà.

Àwọn orúkọ kan wà tó jẹ́ àbísọ ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ohun tí wọ́n ń béèrè. Babátúndé ń béèrè pé kí bàbá àgbà ti kú kí a tó bí ọmọ náà. Yétúndé àti Ìyábọ̀ ń béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà. Bí àwọn bàbá àgbà méjèèjì bá wà láàyè, tí wọ́n jókòó síbi ìkómọ, tí ẹ wá pe ọmọ ní Babátúndé, ikú lẹ ń kéde lé wọn lórí. Abíọ́nà ni a bí lójú ọ̀nà, Abíọ́dún ni a bí nígbà ọdún, Tòkunbọ̀ ti òkè òkun bọ̀. Bámidélé bá òbí rẹ̀ ti ìdálẹ̀ wálé ni. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: wọ́n ń bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn lóòótọ́. Àkọsílẹ̀ tí kò sọ ohun tí orúkọ ń béèrè ti fo apá tó ṣe pàtàkì jù.

Orúkọ àbíkú ló le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́, ẹ kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "orúkọ alágbára". Kòsọ́kọ́ ń sọ pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ fún òkú ọmọ. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀tẹ́, ọba kan jẹ́ ẹ ní Èkó, ó wà lórí oyè láti 1845 sí 1851. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ yóò gbà pé ẹ ti sin ọmọ rí, yóò sì bá yín kẹ́dùn. Ilé tí irú rẹ̀ kò bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ orúkọ yìí. Rẹ̀mílẹ́kún náà, bó tilẹ̀ rọ̀ létí, ẹkún ti kọ́kọ́ wà kí a tó rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́kún.

Ní ti ìtumọ̀, "ọrọ̀" tí ẹ ń kọ sí iwájú gbogbo orúkọ tó ní Ọlá kò tọ̀nà. Ọlá ni iyì àti ẹ̀yẹ. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò lè lọ́lá ládùúgbò, olówó sì lè wà láìlọ́lá, a rí wọn.

Bí a ṣe ń tú orúkọ kò ṣòro. Gbólóhùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ wa, nítorí náà ẹ wá olùwà (ẹni tó ṣe nǹkan), ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe (ohun tó ṣe), ẹ wá ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń bá wí. Níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé, fáwẹ̀lì kan yóò jábọ́. Tó ọlá di tọ́lá, kó ọlá di kọ́lá, bá ọlá di bọ́lá, fi ọlá di fọlá. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ohùn: fáwẹ̀lì "tó" lọ, ṣùgbọ́n ohùn òkè rẹ̀ kò bá a lọ, ó fò sórí "ọ" tó tẹ̀ lé e. "Fi" kò ní ohùn òkè láti fi sílẹ̀, ìyẹn ni "fọ" inú Fọlákẹ́ kò fi ní àmì lórí. Bí "i" bá wà nínú ọ̀rọ̀ kejì, òun ló sábà máa ń lọ: dé ilé di délé. "Ní" sì máa ń di "l" níwájú fáwẹ̀lì tí kì í ṣe "i": ní ọlá, lọ́lá. Pẹ̀lú ìwọ̀nba yìí, òbí lè dá tú Fọláṣadé (fi ọlá ṣe adé), Bọ́láńlé (bá ọlá ní ilé), Oyindàmọ́lá (oyin dà mọ́ ọlá) àti Ọmọ́tọ́lá (ọmọ tó ọlá) láìbi ẹnikẹ́ni.

Títú yìí náà la fi ń mọ orúkọ tí kò dúró. Àṣà kan ti wọlé, kí wọ́n gé ìdajì orúkọ bàbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdajì ti ìyá. Ṣọlá àti Dáre bí ọmọ, wọ́n pè é ní Ṣọdáre. Ẹni tó bá kà á láìsí àmì yóò tú u bó ṣe ń tú orúkọ yòókù, yóò sì bá Oṣó níwájú, bíi ti àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tó ń jẹ́ Ṣówándé. Tọkọtaya tó ń sá fún orúkọ ìṣẹ̀ṣe ti fi ọwọ́ ara wọn fa òmíràn wọlé.

Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣì jù, kódà lọ́wọ́ àwọn tó mọ àmì fi sí orí ọ̀rọ̀, ni "mi". Nínú Fẹ́mi, Kẹ́mi àti Fúnmiláyọ̀, kò ní àmì, torí pé ohùn òkè ni fẹ́, kẹ́ àti fún. Nínú Tìmílẹ́yìn, Rẹ̀mílẹ́kún, Adéyẹmí àti Fáyẹmí, ohùn òkè ló gbà, torí pé tì àti rẹ̀ wà nísàlẹ̀, yẹ sì wà láàárín. Bùnmi kò bá ìlà yìí lọ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń pè é. Ẹ kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń pè é. Ohùn òkè kan tún wà tó ń jókòó sí ìparí olùwà: akin di Akín nínú Akínyẹmí, ọmọ di Ọmọ́ nínú Ọmọ́tọ́lá, tèmi di Tèmí nínú Tèmítọ́pẹ́.

Ìkékúrú náà yẹ ní sísọ, torí pé òun ni wọn yóò máa fi pe ọmọ lójoojúmọ́. Olúwadámilọ́lá jẹ́ ìjẹ́rìí, ó ti ṣẹ. Ẹ gé Olúwa kúrò, ó kù Dámilọ́lá, ó ti di ẹni tó ń tọrọ. Tìmílẹ́yìn àti Fúnmiláyọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kò burú, àdúrà ni, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ìjẹ́rìí kí ó pe orúkọ tán. Dáre, Wándé àti Dípọ̀ ní tiwọn kì í sọ ẹni tó ṣe nǹkan náà: Olúdáre ni àbí Fádáre àbí Ògúndáre? Àwọn kan ń gé e bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bi wọ́n.

Ó sì kan Fá. Fá ń tọ́ka sí ilé ifá, Ògún sí alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ, Àyàn sí onílù, Ọ̀jẹ̀ sí eléégún, Ọnà sí ilé oníṣẹ́ ọnà. Ní Èkìtì níbí, a ò ní ìdí láti tijú wọn. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí wà lára àwọn tó ṣíwájú ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886. Láti ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní 1996, gómìnà méjì tí orúkọ ìdílé wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fá ti jẹ, Fáyẹmí àti Fáyóṣe, ọmọ ìjọ Kristi sì ni àwọn méjèèjì. Ìrè-Èkìtì ni wọ́n ti ń bọ Ògún Onírè, Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣàn wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi Olú tàbí Jésù rọ́pò ní ẹ̀tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí ó wò ó bóyá gbólóhùn náà ṣì dúró. Ọ̀ṣúntókun ń sọ pé Ọ̀ṣun tó òkun. Odò la fi wé òkun. Bí Ọ̀ṣun bá kúrò níbẹ̀, òkun kò rí ẹni bá ṣe ẹgbẹ́ mọ́.

Oríkì a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí pé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ ló ti gbilẹ̀ ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Ẹ kàn rántí pé èyí tó parí sí "kẹ́", bí Àbẹ̀kẹ́ àti Àṣàkẹ́, ti obìnrin ni, Àjàní, Àkànní àti Àlàó sì jẹ́ ti ọkùnrin. Àbẹ̀ní parí sí "ní", síbẹ̀ obìnrin ló ń jẹ́ ẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Ní báyìí ọjọ́ kẹjọ ni ti gbogbo wọn. Orúkọ tí àwọn ẹbí yóò sọ lọ́jọ́ náà lè ju mẹ́wàá lọ, olúkúlùkù ń ju owó sínú àwo, ó ń dárúkọ tirẹ̀. Kí tọkọtaya ti fẹnu kò ṣáájú ọjọ́ náà lórí méjì tàbí mẹ́ta tí yóò wọ ìwé, kí àwọn yòókù wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé, pẹ̀lú àmì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Òfin ọdún 1992 ní kí a forúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ tí a bí i. Fọ́ọ̀mù kì í gba àmì ohùn, nítorí náà ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni lẹ́tà. Ẹ pinnu bóyá Sola tàbí Shola lẹ ó máa kọ, Kehinde tàbí Keyinde, Taiwo tàbí Tayewo, kí ẹ má sì yí i padà. Kí ẹ kọ Oluwadamilola pọ̀, lẹ́tà 13, láì já a sí méjì. Bí akọ̀wé bá kọ Oluwa síbì kan tó kọ Damilola sí ibòmíràn, orúkọ méjì ni kọ̀ǹpútà yóò kà á sí. Ẹ ka ìwé ẹ̀rí náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé. Àṣìṣe tí a kò bá rí níbẹ̀, ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ ṣe WAEC tàbí tó fẹ́ so NIN pọ̀ mọ́ báńkì ló máa ń yọjú, tí wọ́n á wá ní kó lọ búra ní kọ́ọ̀tù kó sì kéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin náà mọ iye irú ìkéde bẹ́ẹ̀ tó ń wọlé sọ́dọ̀ yín.

Àbá wa fún ojú ìwé náà nìyí. Kí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní àmì rẹ̀ pé, kí ẹ tú u, kí ẹ sọ bóyá àmútọ̀runwá ni tàbí àbísọ tàbí oríkì tàbí ti àbíkú, kí ẹ sọ ohun tó ń béèrè àti ìkékúrú rẹ̀. Orúkọ mẹ́fà lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ sàn ju ọgọ́ta lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń dá yín dúró, Gboard, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí fóònù, ní Yorùbá nínú. Ẹ, ọ àti ṣ ní ẹyọ lẹ́tà tiwọn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní, àmì orí wọn máa ń jẹ́ ẹyọ ọ̀tọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń já bọ́ tàbí tó ń di àpótí kékeré bí lẹ́tà tí ẹ fi ń tẹ̀wé kò bá dára. Ẹ fi Òjó, Ọmọ́tọ́lá àti Rẹ̀mílẹ́kún dán oríṣi lẹ́tà wò kí ẹ tó tẹ odidi ojú ìwé. Bí àmì orí bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ má jẹ́ kí tìsàlẹ̀ bá a lọ.

Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá díẹ̀,
Adó-Èkìtì.