Ẹ̀fẹ̀ Rock Lee Kì í Ṣe Yẹ̀yẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti sọ pé àwọn ará Japan tàbùkù Naruto, ìtàn alàwòrán wọn nípa àwọn nínjà (jagunjagun abẹ́lẹ̀ tó ń pidán), nígbà tí wọ́n mú Rock Lee, ọ̀dọ́ nínjà kan nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi í ṣe aláwàdà nínú eré ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí eré yìí gan-an ni èmi àti ọmọ ọmọ mi jọ máa ń wò ní ìrọ̀lẹ́.

Nínú Naruto, tí Masashi Kishimoto bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, tí kò sì parí rẹ̀ títí di ọdún 2014, Lee kò lè pidán, kò sì lè di ẹlòmíràn lójú, bẹ́ẹ̀ ni idán ń jáde lọ́wọ́ àwọn nínjà ẹgbẹ́ rẹ̀ bí omi. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lásán ló fi ń jà. Ó di ẹrù wíwúwo mọ́ ojúgun rẹ̀ láti fi kọ́ra, ọjọ́ tó sì tú u sílẹ̀ níwájú Gaara, nínjà tó ń bá a jà, ilẹ̀ fọ́, eruku sọ lálá. Síbẹ̀ Gaara fọ́ ọ ní apá àti ẹsẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé omi bọ́ lójú mi.

Lee yìí kan náà ni Kenji Taira fi ya ìwé àwòrán ẹlẹ́fẹ̀, tí TV Tokyo sì ń gbé eré rẹ̀ jáde láti oṣù kẹrin ọdún 2012 títí di oṣù kẹta ọdún 2013, apá 51. Wọ́n ya àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ní orí ńlá àti ara kúkúrú. Guy olùkọ́ Lee wà níbẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Neji tó lẹ́bùn àti Tenten tó máa ń bá wọn wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà gbé fóònù ti odó, èmi ń já ẹ̀fọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yí gbirigbiri lórí ẹní, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà, ó ní, "Yèyé, ṣé Lee ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí?" Ọmọ yìí kì í tètè mọ ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní olódo, nítorí náà mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá.

Ìtàn tí bàbá mi àgbà sọ fún wa ni mo fi dá a lóhùn. Bàbá tirẹ̀ ja ogun Kírìjì, tí àwa Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893, tí ìró ìbọn ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní nígbà tí ọkùnrin náà padà sílé, bí ó bá ti gbọ́ tí wọ́n ń gúnyán, á dojú bolẹ̀, á rò pé ìbọn ni, àfi bí òórùn ọbẹ̀ bá kàn án nímú ni yóò tó dìde. A máa ń rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa dùn wá, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbàgbé àpá ọta tó wà ní èjìká rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́.

Ohun tí Taira ṣe náà nìyẹn. Kì í ṣe àìlè-pidán Lee ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àṣejù ìtara rẹ̀ ni, bó ṣe ń fi gbogbo agbára dojú kọ ohun tí kò tó nǹkan, tí òun àti Guy á sì dì mọ́ra wọn, tí wọ́n á máa sunkún. Bí ó bá jẹ́ pé àbùkù ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń dápàárá, èmi fúnra mi ni ì bá gba fóònù náà lọ́wọ́ ọmọ.

Mo gbà pé àwọn apá kan kò lọ́bẹ̀ nínú, ẹni tí kò bá sì mọ Naruto kò ní mọ ohun tí a ń rín. Nítorí náà, mo bẹ ẹni tó kọ lẹ́tà náà pé kó kọ́kọ́ wo ìjà Lee àti Gaara, kó tó wá padà wo eré aláwàdà náà. Mo sì bẹ ẹ̀yin Olóòtú pé kí ẹ wá ẹni tí yóò máa ṣàlàyé irú eré báyìí ní Yorùbá lójú ìwé àwọn ọmọdé, torí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń sáré kọjá kí ọmọ mi tó kà á tán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì