Lẹ́tà sí Àṣàbí láti Gainesville

Àṣàbí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ńkọ́? Òtútù ti dé, mo ṣì wà nídìí iṣẹ́ adìyẹ yẹn, Túndé ti ga jù mí lọ. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ kan ni kò jẹ́ kí n sùn. Ìlú tí mo ń gbé ní Georgia yìí, níbí ni wọ́n ti dájọ́ ikú fún ọmọ Cherokee kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, George Tassel, ní 1830. Wọ́n ní ó pa ọmọ Cherokee bíi tirẹ̀, lórí ilẹ̀ Cherokee. Àwọn Cherokee sì ní ìjòyè, wọ́n ní òfin, wọ́n ní kóòtù tiwọn o! Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí wúrà níbẹ̀, àwọn òyìnbó ti ya bo ilẹ̀ náà bí eéṣú, ni Georgia bá ní òfin òun ló kù. Bí òyìnbó bá wà nínú ẹjọ́, ọmọ Cherokee kò gbọdọ̀ jẹ́rìí. Tí wọ́n bá jí ẹṣin rẹ lójú rẹ kòrókòró, ta lo fẹ́ rò ó fún?

Àwọn Cherokee gba lọ́yà ńlá, William Wirt. John Marshall, adájọ́ àgbà Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ìwé pé kí Georgia wá wí tẹnu rẹ̀. Gómìnà gbé ìwé náà fún àwọn aṣòfin, àwọn aṣòfin ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kà á sí. Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, wọ́n yẹgi fún Tassel. Ní 1838, sọ́jà lé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Cherokee tó kù níbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Wọ́n fojú bù ú pé bíi 4,000 ló kú nínú ìrìn náà.

Ọkọ mi ní kí n yéé ka ọ̀rọ̀ òkú lálẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ìwé yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn, Àṣàbí, ìwé tó dé tẹ́nì kan ò kà sí.

Ìwé kóòtù tiwa lórí ilẹ̀ Mọ́níyà ńkọ́? Ẹni tó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní bíríkìlà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Sátidé tí o bá ń tọjà bọ̀, yà síbẹ̀, ya fọ́tò fún mi. Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o, ṣe bí ẹni ń wá ọ̀nà. Bí wọ́n bá sì ti kan páànù lé e, má fi pamọ́ fún mi.

Èmi ni,
Ìyábọ̀ rẹ